Ẹni tó ń ra dísẹ̀lì kọ́ ló ń sanwó ẹ́ńjìnnì

Láàárọ̀ kùtùkùtù ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn, àwọn bọ́ọ̀sì ló máa ń kọ́kọ́ jí. Kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, tàwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ti ń jáde, wọ́n ń gba Ẹlẹ́yẹlé, Aléṣinlóyè àti Onírèké lọ láti kó àwọn ọmọ. Tàwọn òtẹ́ẹ̀lì náà á tẹ̀ lé wọn, bẹ́ẹ̀ ni tàwọn tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́, àti tàwọn tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì kan péré ni wọ́n ní, tí wọ́n fi ń ná Dùgbẹ̀ sí Challenge tàbí tí wọ́n fi ń kó èrò ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì wọ̀nyí, dísẹ̀lì ni wọ́n ń mu.

Àmọ́ bó bá di ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn á kọ̀, kò ní í jí. Dírẹ́bà á ṣíná, á tún ṣíná, èéfín funfun á gba gbogbo ojúlé, àwọn ọmọ ilé ìwé á sì ti máa dúró sójú títì. Wọ́n á pe mẹkáníìkì. Òun náà á dé, á tẹ́tí, á mi orí, á ní nọ́sù ti lọ, tàbí pọ́ǹpù ti kú. Bó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, á ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, àfi kí ọ̀gá lọ wá òmíì ní ọjà Aráròmí, ní Agodi Gate. Bí ẹni tó fẹ́ẹ́ máa ti ara bọ́ọ̀sì jẹun ṣe ń di ẹni tí bọ́ọ̀sì ń jẹ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Dírẹ́bà á ní mọ́tò ti gbó. Mẹkáníìkì á ní dírẹ́bà kò mọ mọ́tò í wà. Ọlọ́kọ̀ á ní mẹkáníìkì ló yọ ojúlówó ẹ̀yà ara ọkọ̀ òun, tó fi ayédèrú rọ́pò ẹ̀. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n á máa wá ẹni tó ń bá àwọn jà kiri. Òótọ́ lè wà nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo òwò bọ́ọ̀sì yóò rí i pé ohun kan wà nísàlẹ̀ gbogbo àròyé yìí tí wọn kì í fẹ́ẹ́ sọ síta: ẹni tó ń ra dísẹ̀lì kọ́ ló ń sanwó ẹ́ńjìnnì. Dírẹ́bà ló ń ra epo, ọlọ́kọ̀ ló ń ra ẹ́ńjìnnì. Níwọ̀n ìgbà tí ètò náà bá sì wà bẹ́ẹ̀, kò sí mẹkáníìkì tó lè wo àrùn ọ̀hún san pátápátá.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé èèyàn dáadáa, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú ohun tí ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì jẹ́. Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló gbé e jáde, ọdún 1897 ló sì rí i kó ṣiṣẹ́ dáadáa nílùú Augsburg. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, ti dísẹ̀lì kò ní. Afẹ́fẹ́ ni písítíìnì rẹ̀ máa ń fún mọ́lẹ̀ títí tí afẹ́fẹ́ ọ̀hún yóò fi gbóná ju omi híhó lọ ní ìlọ́po bíi márùn-ún. Ìgbà náà ni nọ́sù yóò wá fọ́n dísẹ̀lì sínú ooru yẹn, tí yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni dísẹ̀lì wá ń ṣe. Òun ni oúnjẹ ẹ́ńjìnnì, òun náà ló tún ń ṣe bí òróró fún àwọn irin tó ń yí nínú pọ́ǹpù àti nọ́sù kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Bí oúnjẹ náà bá ti bàjẹ́, òróró ọ̀hún ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìbàdàn kì í ṣe àlejò sí ẹ́ńjìnnì yìí. Ìlú yìí ni ilé iṣẹ́ Leyland ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì jọ láyé ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì, kí nǹkan tó dẹnu kọlẹ̀ fún un. Àwọn àgbà dírẹ́bà kò sì tíì gbàgbé Mercedes 911 tí wọ́n fi ṣe mọ́lúè àti ọkọ̀ agégẹdú. Àwọn ẹ́ńjìnnì ìgbà náà ní sùúrù. Irin lásán ni pọ́ǹpù wọn, kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Bí dísẹ̀lì bá dọ̀tí díẹ̀, wọ́n á rú èéfín dúdú, wọ́n á wúkọ́ bí àgbàlagbà, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí kò wúlò mọ́ lóde òní, pé kò sí dísẹ̀lì tí kì í ṣe dísẹ̀lì.

Bọ́ọ̀sì tó ń wọlé lásìkò yìí kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Toyota HiAce àti Hilux tí wọ́n kọ D-4D sí lára, àti ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tọ̀kunbọ̀ tó ń ti Yúróòpù bọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń darí nọ́sù wọn. Agbára tí pọ́ǹpù wọn fi ń ti dísẹ̀lì lè kọjá 1,300 bar, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò kékeré kò ju 2 bar sí 3 bar lọ. Àlàfo tó wà láàárín àwọn irin inú nọ́sù náà tín-ín-rín ju irun orí èèyàn lọ fíìfíì. Eruku tí ojú kò lè rí tó láti ha á, ẹ̀kán omi díẹ̀ sì tó láti mú un dípẹtà. Irú nọ́sù bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló wà lórí ẹ́ńjìnnì kan, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó tí èèyàn ń yọ nínú àpò ẹ̀wù.

Nínú gbogbo ohun tó ń ba dísẹ̀lì jẹ́, omi ni àkọ́kọ́. Lásìkò òjò, omi lè rọ́nà wọ inú táǹkì tó wà nínú ilẹ̀ ní ilé epo tí ìdérí rẹ̀ kò bá dáa. Ó lè ti wà nísàlẹ̀ táńkà tó gbé epo wá. Táǹkì bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ pàápàá, bí wọ́n bá fi epo díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀ sun òru, afẹ́fẹ́ tó gba ibi tó ṣófo á tutù, á sì di omi sára irin, gẹ́gẹ́ bí ìrì ṣe máa ń sẹ̀. Omi wúwo ju dísẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, ìsàlẹ̀ náà sì ni páìpù ti ń fa epo. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàárín omi àti dísẹ̀lì, wọ́n á di nǹkan tó ń yọ̀ bí ewédú, wọ́n á sì dí fílítà. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀sì tí dírẹ́bà rẹ̀ ń ra lítà márùn-ún márùn-ún fi lè tètè ṣàìsàn ju èyí tí táǹkì rẹ̀ ń kún sun lọ.

Àbùlà ló ṣìkejì. Láyé ìgbà tí ìjọba ṣì ń fi owó ìrànwọ́ sórí kẹrosíìnì, N50 ni iye tí wọ́n fọwọ́ sí lórí lítà kan títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, dísẹ̀lì sì wọ́n jù ú lọ dáadáa. Ẹni tó bá ní ojúkòkòrò mọ èrè tó wà nínú kó da ọ̀kan mọ́ ìkejì. Kẹrosíìnì á jó nínú ẹ́ńjìnnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í yọ̀ tó dísẹ̀lì, kí pọ́ǹpù máa fi irin ha irin ló kù. Látìgbà tí owó ìrànwọ́ ọ̀hún ti lọ, ọgbọ́n yẹn kò lérè tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àmọ́ dísẹ̀lì tí wọ́n ń sè nínú igbó lágbègbè Niger Delta ṣì wà níta, ẹni tó sè é kò ní òṣùwọ̀n kankan, ẹni tó rà á kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sì ti rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù tàbí kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn mọ́. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tínú ń run.

Ìkẹta kò hàn sójú rárá, òun ló sì ń jẹ ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Imí-ọjọ́ ni, èyí tí àwọn elégbòogi ń tà fún ẹni tí ara ń yún. Inú epo rọ̀bì ló wà látilẹ̀, ilé ìfọpo ló yẹ kó yọ ọ́ kúrò. Bí wọn kò bá yọ ọ́ tó, tó wá jó nínú ẹ́ńjìnnì, tó sì pàdé ọ̀rinrin, irú ásíìdì kan náà tó wà nínú bátìrì mọ́tò ló máa ń dà. Ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì ló ń bá ásíìdì náà jà. Bí ásíìdì bá wá pọ̀ jù, agbára ọ́ìlì á tètè tán, ríìngì àti ara sílíńdà á sì máa jẹ. Lára ọkọ̀ tọ̀kunbọ̀ tó ní fílítà nínú ọ̀nà èéfín, fílítà ọ̀hún á dí pa, kọ̀ǹpútà á sì dín agbára ọkọ̀ kù títí tí kò fi ní í lè gun òkè Mọ́kọ́lá mọ́.

Ọ̀rọ̀ imí-ọjọ́ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní Yúróòpù, láti ọdún 2009, dísẹ̀lì tí wọ́n ń tà fún mọ́tò kò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin fi gba tó 3,000. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2016, àjọ Public Eye láti ilẹ̀ Switzerland gbé ìwádìí kan jáde lórí epo tí wọ́n rà ní àwọn ilé epo lórílẹ̀-èdè mẹ́jọ nílẹ̀ Áfíríkà, Benin àti Ghana wà nínú wọn. Wọ́n rí dísẹ̀lì tí imí-ọjọ́ inú rẹ̀ fi ìlọ́po 378 ju ohun tí Yúróòpù gbà láàyè lọ. Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fẹnu kò pé dísẹ̀lì tí àwọn yóò máa kó wọlé kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ mọ́. Ghana bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lóṣù keje ọdún 2017. Nàìjíríà fà á títí. Lọ́dún 2020, àwọn mínísítà àjọ ECOWAS tún fọwọ́ sí 50 yìí kan náà fún gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pé kó bẹ̀rẹ̀ lórí epo tí wọ́n ń kó wọlé lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2021.

Nígbà tí ilé ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ sí í gbé dísẹ̀lì jáde lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ mí kanlẹ̀. Àmọ́ lóṣù keje ọdún yẹn, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ọ̀gá àjọ NMDPRA, àwọn tó ń mójú tó epo lórílẹ̀-èdè yìí, sọ pé imí-ọjọ́ inú dísẹ̀lì ilé ìfọpo náà pọ̀. Ilé ìfọpo náà ní irọ́ ni, wọ́n yẹ ẹ́ wò níṣojú àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, wọ́n ní tàwọn jẹ́ 87.6, nígbà tí tàwọn kan tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè kọjá 1,800. Ẹni yòówù kó jàre nínú wọn, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣòwò kékeré kò lè fara sin. Bí àwọn tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò lọ́wọ́ bá lè máa bára wọn jiyàn lórí dísẹ̀lì, báwo ni dírẹ́bà tó dúró nídìí pọ́ǹpù láago márùn-ún àárọ̀ ṣe fẹ́ẹ́ mọ èyí tó dáa?

Ká sòótọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì tó bá kú ni dísẹ̀lì pa. Ọ́ìlì ayédèrú wà, èyí tí wọ́n fà kúrò nínú ọkọ̀ àná, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n sì rọ sínú gálọ̀nù tó ń dán. Omi lásán tí wọ́n ń bù sínú rédíétọ̀ dípò omi rédíétọ̀ gan-an máa ń mú inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì kan á yọ tẹmositáàtì dànù, wọ́n á ní òun ló ń mú ọkọ̀ gbóná. Ọkọ̀ tó bá wá há sínú gósílóò Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tó kún fún èrò àti ẹrù kọjá bó ṣe yẹ, kò ní í pẹ́ kí tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ tó là. Lára Volkswagen T4 àti Mitsubishi L300 oní-dísẹ̀lì, bẹ́líìtì tó so òkè ẹ́ńjìnnì mọ́ ìsàlẹ̀ ní iye ìrìn tó gbọ́dọ̀ rìn kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọn kò bá pààrọ̀ ẹ̀, tó fi já lórí eré, ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Àrùn kan tún wà lára ẹ́ńjìnnì D-4D oní 2.5 àti 3.0 tí àwọn mẹkáníìkì káàkiri ayé ti mọ̀. Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ nọ́sù máa ń jò tó bá pẹ́. Èéfín á gba ibẹ̀ wọ inú ọ́ìlì, á sọ ọ́ di nǹkan bí ọ̀dà, ọ̀dà yìí á sì dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà lọ sókè. Dírẹ́bà wọn ọ́ìlì láàárọ̀, ọ́ìlì kún. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Gbogbo èèyàn á ní àdììtú ni. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, tó sì ń pààrọ̀ òrùka ọ̀hún kó tó jò, kò ní í bá irú rẹ̀ pàdé bọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá wo gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yìí á rí i pé ìwòsàn èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò wọ́n. Fílítà kò wọ́n tó nọ́sù. Omi rédíétọ̀ kò wọ́n tó tọ́ọ̀pù sílíńdà. Bẹ́líìtì kò wọ́n tó ẹ́ńjìnnì. Kí ló wá dé tí àwọn ọlọ́kọ̀ tó gbọ́n, tó mọ ìṣirò owó nínú òwò mìíràn, ṣì ń ra ẹ́ńjìnnì lọ́dọọdún? Ètò tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ fún dírẹ́bà ni.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ọlọ́kọ̀ á dá iye kan tí dírẹ́bà gbọ́dọ̀ gbé wá lójúmọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní dẹlífárì. Dírẹ́bà ló máa ra dísẹ̀lì, òun ló máa sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn dẹlífárì jẹ́ tiẹ̀. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ọlọ́kọ̀ ló ń tún un ṣe. Lójú, ètò náà dùn fún ọlọ́kọ̀, torí kò ní wàhálà ojoojúmọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ fún dírẹ́bà ni pé, gbogbo náírà tó bá dín kù lórí dísẹ̀lì, àpò rẹ̀ ló wọ̀; gbogbo náírà tó bá sì tìtorí ẹ̀ lọ sórí ẹ́ńjìnnì, àpò ẹlòmíràn ló ti jáde.

Ká ní bọ́ọ̀sì kan ń jó 40 lítà lójúmọ́, kí ẹnì kan sì wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ń ta dísẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì ní N50 dín sí ti ilé epo lórí lítà kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà yóò jèrè N2,000 lójúmọ́. Bó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, N52,000 nìyẹn. Lóṣù mẹ́fà, ó di N312,000. Kò sí òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ gbé irú owó bẹ́ẹ̀ síwájú rẹ̀ tí kò ní í wò ó lójú méjì. Bí nọ́sù bá wá kú lóṣù keje, tí bọ́ọ̀sì dúró sọ́dọ̀ mẹkáníìkì fún ọjọ́ 18 tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́, tí dẹlífárì sì jẹ́ N15,000, ọlọ́kọ̀ ti pàdánù N270,000 kó tó ra nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Owó nọ́sù ṣì ń bọ̀, owó pọ́ǹpù lè tẹ̀ lé e, bó bá sì jẹ́ ẹ́ńjìnnì tọ̀kunbọ̀ lódindi, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti di ti mílíọ̀nù. Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó ti wúwo.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé olè ni gbogbo dírẹ́bà. Dírẹ́bà náà ní tiẹ̀ í sọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ kan á gbé dẹlífárì lọ sókè tó jẹ́ pé bí dírẹ́bà bá ra epo tó dáa, tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, tí gósílóò sì mú un, kò ní í rí owó gàrí mú relé. Bí owó dísẹ̀lì bá gbéra, bó ṣe gbéra lọ́dún 2022, ọlọ́kọ̀ kan kò ní í dín kọ́bọ̀ nínú dẹlífárì. Dírẹ́bà tó bá sì lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun gbọ́ ariwo kan lára ẹ́ńjìnnì, ohun tí yóò gbọ́ ni pé, "Ṣáà máa wà á lọ, a óò wò ó lọ́jọ́ Àìkú." Ọjọ́ Àìkú ọ̀hún kì í dé kí ẹ́ńjìnnì tó kú. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Àwọn kan ń sọ pé kí oníkálukú kúkú pa dísẹ̀lì tì, kó lọ ra bọ́ọ̀sì oní-bẹntiróòlù tàbí èyí tó ń lo gáàsì CNG. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ẹ́ ra ọkọ̀ tuntun gbé e yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, bẹntiróòlù náà ti kúrò ní nǹkan ẹ̀fẹ́, ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì sì máa ń jẹ epo níwọ̀nba fún ẹrù kan náà. Yíyí ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tó wà nílẹ̀ sí gáàsì kò sì rọrùn bíi ti bẹntiróòlù, torí kò ní púlọ́ọ̀gì tí yóò ṣáná sí gáàsì náà. Ẹni tí bọ́ọ̀sì dísẹ̀lì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, títọ́jú ẹ̀ ló kù.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ni pé kó gba ríra dísẹ̀lì lọ́wọ́ dírẹ́bà. Kó yan ilé epo kan tí èrò ń wọ́ sí, tí epo kì í pẹ́ nínú táǹkì rẹ̀, kó bá wọn ṣe àdéhùn, kí dírẹ́bà máa lọ rọ epo síbẹ̀, kí ọlọ́kọ̀ máa lọ sanwó. Kó wá to owó epo náà mọ́ dẹlífárì lọ́nà tí dírẹ́bà kò fi ní í pàdánù. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti òtẹ́ẹ̀lì, tí dírẹ́bà jẹ́ olówó oṣù, èyí kò tiẹ̀ le rárá. Kí táǹkì máa kún sun, kó má jẹ́ pé epo díẹ̀ ni wọ́n ń dá á sí lálaalẹ́.

Èkejì ni ìwé kékeré kan. Ọjọ́ tí wọ́n ra epo, iye lítà, ilé epo tí wọ́n ti rà á, àti iye tí ọkọ̀ ti rìn, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà náà, kó wọ inú ìwé. Pẹ̀lú irú dísẹ̀lì tó wà níta, kò yẹ kí ọ́ìlì rìn ju 5,000 kìlómítà lọ kí wọ́n tó dà á nù. Bí ọkọ̀ bá ṣàdédé ń jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìwé ọ̀hún ló máa kọ́kọ́ sọ, kí ẹ́ńjìnnì tó pariwo.

Ẹ̀kẹta kò ná èèyàn ju ìgò funfun kan lọ. Bí wọ́n bá ra epo, kí wọ́n bu díẹ̀ sínú ìgò, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, á sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀, bí ìdọ̀tí bá wà, òun náà á hàn. Ìgò náà kò lè fi imí-ọjọ́ hàn, àmọ́ yóò lé ọ̀tá tó súnmọ́ jù dànù. Lábẹ́ fílítà dísẹ̀lì ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibì kan wà tí wọ́n máa ń ṣí láti fi da omi nù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣí i, kì í gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀kẹrin ni àjọ ẹ́ńjìnnì. Ìbàdàn mọ àjọ dá, ó sì mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí ọlọ́kọ̀ bá ń yọ iye kan sọ́tọ̀ nínú dẹlífárì lójoojúmọ́, tí kò sì fọwọ́ kàn án àfi fún ọ́ìlì, fílítà, bẹ́líìtì àti òrùka nọ́sù, kò ní í sí pé "kò sówó, ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀." Kó sì fún dírẹ́bà ní ìpín nínú ohun tó bá ṣẹ́ kù lópin ọdún tí ẹ́ńjìnnì kò bá bàjẹ́. Lọ́jọ́ náà ni ẹ́ńjìnnì yóò di ti àwọn méjèèjì, etí dírẹ́bà á sì ṣí sí gbogbo ariwo tó bá ń jáde níbẹ̀.

Àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké tó wà ládùúgbò kan náà, bí àwọn onílé ẹ̀kọ́ àti olótẹ́ẹ̀lì Jẹ́ríkò, tún lè para pọ̀ ra dísẹ̀lì. Ọlọ́kọ̀ kan tó ń ra 40 lítà kò lè bi ilé epo léèrè ibi tí dísẹ̀lì rẹ̀ ti wá. Ogún ọlọ́kọ̀ tó ń ra 800 lítà lójúmọ́ lè bi í, wọ́n sì lè ní kó mú ìwé àyẹ̀wò wá. Ti ìjọba náà kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Orí ìwé nìkan ni 50 tí wọ́n fọwọ́ sí wúlò sí bí kò bá sí ẹni tó ń wọn ohun tó ń jáde nídìí pọ́ǹpù, tó sì ń gbé orúkọ ilé epo àti àbájáde rẹ̀ síta kí aráàlú rí i.

Àmọ́ ọlọ́kọ̀ tó bá ń dúró de ìjọba yóò ra ẹ́ńjìnnì méjì sí i kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́la, nígbà tí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ẹ́ jáde: kó mọ ẹni tó ń ra dísẹ̀lì, ibi tó ti ń rà á, àti ohun tó wà nísàlẹ̀ ìgò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.